Noto, Andika, Gentium tàbí Poppins: fọ́ǹtì wo ló lè gbé ẹ́ àti ɛ́ pa pọ̀?

Ìyá kan tó ń ta ọ̀já ní Kétu ló là mí lójú. Mo jókòó sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mo kọ sáìtì fún ẹgbẹ́ aláṣọ wọn, mo sì gbé e lọ bá wọn kí wọ́n wò ó lórí fóònù. Poppins ni fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tí mo lò, torí ó mọ́, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì rí rogodo. Ìyá gba fóònù, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n tún sún un jìnnà, wọ́n ní: “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí lẹ́tà kan sanra tí èkejì rù? Ṣé ọjà lo kọ síbí ni àbí ọ̀já?”

Mo gba fóònù padà lọ́wọ́ wọn. Àkọlé tí mo kọ gàdàgbà sókè ni Ọ̀JÁ. J àti Á jẹ́ ti Poppins lóòótọ́. Ọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ rárá; inú fọ́ǹtì mìíràn nínú fóònù ni bùráúsà ti lọ yá a wá. Ó kéré sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dúdú jù wọ́n lọ. Àmì ohùn orí rẹ̀ ti gé lọ, àmì abẹ́ rẹ̀ ku ìdajì, torí àyè tí mo fi sílẹ̀ fún ìlà náà kò tó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe irú Ọ bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà àlejò.

Mo fẹ́ gbé àwọn fọ́ǹtì tí àwa tí ń kọ sáìtì ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí n sì sọ èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹwà kọ́ ni mo fi wọ̀n wọ́n. Ọ̀rọ̀ wa tó le jù lọ ni mo fi wọ̀n wọ́n.

Ẹrù tí fọ́ǹtì máa rù níhìn-ín

Ẹni tó ń kọ sáìtì Yorùbá ní Ìbàdàn ní ẹrù kan láti gbé. Tiwa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà ìkọ̀wé Nàìjíríà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà: ẹ, ọ, ṣ. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, tí wọ́n tún ṣe ní 1990 àti 2008, kò lo àmì abẹ́ ní tiwa. Ó fi ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà nínú kíláàsì àgbàlagbà ní Ṣábẹ lè mọ ɛ dunjú kí ẹ sì ṣàjèjì sí i. Ẹni tó ń ka Bíbélì àti ìwé ìròyìn tó ti Èkó wá mọ ẹ, ɛ ló máa rú u lójú. Ojú ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì máa ṣí.

Faransé tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú é, è, ê, ç àti œ rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, Gùn wà pẹ̀lú, ó sì ní ɖ. (Ẹ ṣọ́ra fún ɖ yìí. Lẹ́tà ńlá rẹ̀ ni Ɖ, nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, sì ni U+0189. Đ tí wọ́n ń kọ ní Vietnam, U+0110, àti Ð ti Iceland, U+00D0, jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ sọ wọ́n di lẹ́tà kékeré ẹ máa rí i pé ọ̀kan di đ, èkejì di ð, kò sí èyí tó di ɖ nínú wọn.)

Gbólóhùn tí mo fi ń dán gbogbo fọ́ǹtì wò rèé, ní ìlànà méjèèjì:

Ọ̀já pupa wà lọ́jà Ṣábẹ, ẹgbẹ́ aláṣọ ń tà á.
Ɔ̀já kpukpa wà lɔ́jà Shábɛ, ɛgbɛ́ aláshɔ ń tà á.

Mo máa ń kọ ìlà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, lẹ́ẹ̀kejì ní lẹ́tà ńlá látòkèdélẹ̀, lẹ́ẹ̀kẹta ní lẹ́tà tó nípọn. Ó ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ká ní mo ti ń ṣe é kí n tó lọ Kétu ni, ojú ì bá má tì mí níwájú ìyá yẹn.

Ohun tó mú kí ẹ́ le ju é lọ

é ti Faransé ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, U+00E9. Àwòrán kan, nọ́ńbà kan. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àmì náà sí ibi tó yẹ. ẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. ẹ ni U+1EB9, àmì ohùn òkè ni U+0301, ẹ̀rọ ló sì máa so wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. ɛ́ náà jẹ́ méjì: U+025B àti U+0301. ń, ǹ àti ṣ rọ̀ wá lọ́rùn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti tó wọn. m̀ tún jẹ́ méjì.

Kí wọ́n tó lè so pọ̀ dáadáa, ayàwòrán ti ní láti fi ojú ìdè sí orí lẹ́tà, kó sì fi òmíràn sí abẹ́ àmì ohùn, kí ojú ìdè méjèèjì lè pàdé. “Mark” ni orúkọ apá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú fáìlì fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì kan lè ní ɛ, kó ní àmì ohùn, kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó pọ̀. Nígbà náà ni ẹ máa rí ɔ̀já tí àmì rẹ̀ lọ dúró láàárín ɔ àti j bí ẹni tí kò mọ ilé tó ń lọ. Lórí lẹ́tà ńlá ló burú jù, torí àmì tí wọ́n ṣe fún lẹ́tà kékeré á gún Ɔ wọ inú.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ fún mi pé fọ́ǹtì kan “ní lẹ́tà Áfíríkà”. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé kó fi ɛ́ àti Ɔ̀ hàn mí.

Apá Vietnam

Google Fonts, ibi tí Google ti ń pín fọ́ǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, kì í fi odindi fọ́ǹtì ránṣẹ́. Ó ń gé e sí wẹ́wẹ́, ó ń fún apá kọ̀ọ̀kan lórúkọ, latin, latin-ext, vietnamese, cyrillic àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bùráúsà á sì mú kìkì èyí tí ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà bá nílò. Ọgbọ́n gidi ni fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí lẹ́tà wa bọ́ sí. a, b, é àti à wà ní latin. ṣ, ǹ, ɛ, ɔ àti ɖ wà ní latin-ext. ẹ àti ọ wà ní vietnamese, àwọn pẹ̀lú àmì ohùn U+0300 àti U+0301, torí pé àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ. Kò sí apá tó ń jẹ́ Yorùbá.

Fọ́ǹtì tí kò bá ní apá vietnamese níbẹ̀ kò lè fi ẹ tàbí ọ ránṣẹ́ sí yín láéláé. Poppins kò ní in. Lato tó wà lórí Google Fonts kò ní in. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kétu kò ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, kí ọkàn yín tó fà sí fọ́ǹtì kan, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn èdè tí wọ́n kọ sí i lára. Bí Vietnamese kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọjá lọ.

Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ní ìṣòro mìíràn tó le ju ìyẹn lọ. ẹ́ yè bọ́, torí ẹ àti àmì ohùn rẹ̀ jọ wà nínú fáìlì kan náà. ɛ́ kò yè. ɛ wà nínú fáìlì kan, àmì ohùn wà nínú òmíràn, ojú ìdè kò sì lè ti inú fáìlì kan na ọwọ́ sí èkejì. Bùráúsà á máa wá fọ́ǹtì tó ní méjèèjì pa pọ̀. Bí kò bá rí i, ó lè lọ yá odindi ɛ́ nínú fóònù, tàbí kó gbé àmì láti ibòmíràn lé e lórí láìmọ ibi tó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni m̀ ṣe máa ń rí, torí m wà ní latin. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá Noto Sans jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò pé ayàwòrán ló gbàgbé wa, àṣé fọ́ǹtì náà pé pérépéré, gígé tí wọ́n gé e ló tú àwọn lẹ́tà wa ká.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Fọ́ǹtì | ẹ́ ọ̀ ṣ | ɛ́ ɔ̀ ɖ | Nípọn | Ibi tí mo ti ń lò ó |
|---|---|---|---|---|
| Noto Sans | dára | dára bí fáìlì bá jẹ́ ọ̀kan | bẹ́ẹ̀ ni | sáìtì ọjà, ìròyìn, fọ́ọ̀mù |
| Andika | dára | dára | bẹ́ẹ̀ ni | ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì àgbàlagbà |
| Gentium Book Plus | dára | dára | bẹ́ẹ̀ ni | ìtàn, oríkì, àpilẹ̀kọ gígùn |
| Charis SIL | dára | dára | bẹ́ẹ̀ ni | ìwé gígùn lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú |
| Doulos SIL | dára | dára | rárá | n kì í lò ó fún sáìtì |
| Poppins, Lato (ti Google Fonts) | ẹ àti ọ kò dé | ẹ má gbára lé e | bẹ́ẹ̀ ni | Faransé nìkan |

Ṣùgbọ́n tábìlì kò sọ bí wọ́n ṣe ń rí lójú.

Noto Sans ni mo ń dá lábàá fún ẹni tí kò bá fẹ́ dààmú. Google àti Monotype ló jọ ṣe é, orúkọ rẹ̀ sì ti ìlérí kan wá: pé kí àpótí òfìfo tó máa ń yọ nígbà tí lẹ́tà kò bá sí má ṣe yọ mọ́ ní èdè kankan. Tofu ni wọ́n ń pe àpótí náà, “no tofu” ló di Noto. Ojú rẹ̀ ṣí, kò fún pọ̀. Àmì abẹ́ ẹ rẹ̀ jìnnà sí lẹ́tà díẹ̀, ó sì tóbi tó láti rí lórí fóònù kékeré. Ó ní onírúurú ìnípọn láti 100 dé 900, nítorí náà àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú lè jẹ́ ọmọ ìyá kan. Àbùkù kan tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé kò ní àbùdá tó yà á sọ́tọ̀. Sáìtì ẹgbẹ́ aláṣọ àti sáìtì ilé ìfowópamọ́ lè jọ ara wọn. Fún ìyá oníṣòwò tó fẹ́ kí wọ́n rí iye owó kíákíá, ìyẹn kò pa á lára.

Andika ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí “kọ” ni orúkọ rẹ̀. SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ló ṣe é fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ẹ wo a rẹ̀: ó rí bí a tí olùkọ́ ń fi ẹfun kọ sí ojú pátákó, kò ní ìbòrí lókè. g rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. l kékeré, I ńlá àti 1 kò jọra. Bẹ́ẹ̀ ni ɛ rẹ̀ kò ṣe é ṣì pè ní 3, èyí tó máa ń dà àwọn àgbàlagbà láàmú nínú àwọn fọ́ǹtì mìíràn bí lẹ́tà bá kéré. Bí ẹ bá ń ṣe sáìtì fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹ má wá ibòmíràn lọ. Ohun kan ṣoṣo: wọ́n fi àyè púpọ̀ sáàárín ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àmì lè rí ibi dúró. Bí ẹ kò bá kọ line-height (gíga ìlà) fúnra yín, ojú ìwé á gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Gentium àti Charis jẹ́ fọ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀, irú èyí tí à ń rí nínú ìwé títẹ̀. Victor Gaultney ló ya Gentium, orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn sì ń tọ́ka sí “ti àwọn orílẹ̀-èdè”. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ìwọ́ntúnwọ́nsì. Àmì ohùn rẹ̀ kì í jà pẹ̀lú lẹ́tà. Fún ojú ìwé tó ń sọ ìtàn Àkábà Ìdèna, ẹnubodè àtijọ́ ní Kétu, tàbí oríkì tí ènìyàn máa jókòó tì kà, òun ni mo máa mú. Ẹ lo Gentium Book Plus, torí ó nípọn díẹ̀ ju Gentium Plus lọ, ìmọ́lẹ̀ fóònù kò sì ní jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Charis jáde láti inú Charter, èyí tí Matthew Carter ya fún Bitstream ní 1987 nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tíì mọ́ rárá. Wọ́n ṣe é kó lè fara da ojú ẹ̀rọ tí kò dán. Lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti họ, Charis máa ń ṣe kedere ju Gentium lọ.

Doulos jọ Times, ó sì mọ gbogbo àmì wa. Kò ní lẹ́tà tó nípọn. Bí ẹ bá ní kó nípọn, bùráúsà á fi ipá sán an, ihò inú ẹ á dí.

Ti Poppins, mi ò ní kí ẹ sá fún un lápapọ̀. Bí sáìtì bá jẹ́ Faransé látòkèdélẹ̀, ó dára. Lato náà dára; ẹ̀dà 2.0 rẹ̀ tó jáde ní 2014 ní lẹ́tà tó pọ̀ ju ti Google Fonts lọ fíìfíì, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè gba ẹ̀dà yẹn, kó sì dán an wò pẹ̀lú gbólóhùn tiwa. Ohun tó dùn mí ni sáìtì tí wọ́n kọ orúkọ ìlú wa sí láìní àmì torí fọ́ǹtì kò gbà á. Fọ́ǹtì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe orúkọ.

Láti Google, láti ọ̀dọ̀ yín, tàbí láti inú fóònù?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ti inú fóònù kò ná òǹkàwé ní dátà kankan: ẹ kọ sans-serif sí kóòdù, fóònù á lo ohun tó bá ní. Fóònù Android tuntun máa ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ ohun tí òǹkàwé rí, fóònù àtijọ́ sì lè gbé àpótí òfìfo jáde fún Ɔ̀. Ti Google rọrùn jù láti fi sí i, ó sì tó bí ẹ bá ń lo ìlànà Nàìjíríà nìkan lórí fọ́ǹtì tó ní Vietnamese. Bí ɛ́ bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ gbé fọ́ǹtì náà sórí sáìtì yín fúnra yín, nínú fáìlì kan ṣoṣo.

Odindi fáìlì Andika tàbí Charis wúwo, torí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà tí a kò ní lò. Ẹ gé e. Fonttools ló ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ pyftsubset, Python ni wọ́n fi kọ ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Àṣẹ tí mo ń lò rèé, ó kó Faransé, Gùn àti ìlànà Yorùbá méjèèjì sínú fáìlì kan:

```
pyftsubset NotoSans-Regular.ttf \
 --unicodes="U+0020-007E,U+00A0-00FF,U+0143-0144,U+0152-0153,U+0186,U+0189,U+0190,U+01F8-01F9,U+0254,U+0256,U+025B,U+0300-0301,U+0304,U+0323,U+1E62-1E63,U+1EB8-1EB9,U+1ECC-1ECD,U+2013-2014,U+2018-201D,U+2026,U+202F" \
 --layout-features="*" --flavor=woff2 \
 --output-file=noto-ajase.woff2
```

Ẹ ṣọ́ apá layout-features. Pyftsubset máa ń pa ojú ìdè mọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n “*” ló ń sọ fún un pé kó pa gbogbo irú apá bẹ́ẹ̀ mọ́. Láìsí “mark” nínú fáìlì, a padà sí ibi tí a ti ń bọ̀. Ẹ ṣe ti lẹ́tà tó nípọn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà:

```
@font-face {
  font-family: "Noto Ajase";
  src: url("/fonts/noto-ajase.woff2") format("woff2");
  font-weight: 400;
  font-display: swap;
}
```

Mo yí orúkọ rẹ̀ padà nítorí ìwé àṣẹ OFL tí àwọn fọ́ǹtì wọ̀nyí wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbà wá láyè láti lò ó, gé e àti pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá ti fi orúkọ pamọ́ fún ara rẹ̀, fáìlì tí a ti gé kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn mọ́. swap ní tirẹ̀ máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yọ kíákíá pẹ̀lú fọ́ǹtì inú fóònù, kó tó di pé tiwa dé. Lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, òǹkàwé kò ní máa wo ojú funfun.

Bí a ṣe ń tò ó

Fọ́ǹtì tó dára lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tò ó. Èmi ni mo gé orí Ọ̀ ní Kétu, Poppins kọ́ ló gé e. line-height 1 ni mo fún àkọlé náà, mo sì fi overflow: hidden, tó ń gé ohun tó bá yọ síta, sí àpótí rẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀; ọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbẹ́ ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀, ìdí g sì tún gùn jáde. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ inú kì í dín ní 1.6 lọ́wọ́ mi, àkọlé kì í dín ní 1.35. Lẹ́tà kì í kéré ju 17px lórí fóònù.

Níbí ni ìlànà méjèèjì ti yàtọ̀ síra wọn gan-an. Ìlà tí à ń fà sábẹ́ líǹkì máa ń kọ lu àmì abẹ́ ẹ àti ọ. Bùráúsà á gé ìlà náà níbẹ̀ kí àmì lè yọ, ọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ á wá ní ìlà tó já sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi text-underline-offset: 0.25em sí i, ìlà á sọ̀ kalẹ̀, àlàáfíà á sì wà. ɛ àti ɔ kò ní wàhálà yìí rárá. Bí lẹ́tà bá sì kéré gidi, ɛ ló ń yè jù, torí gbogbo ara rẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí e. Lẹ́tà ẹ kàn gbẹ́kẹ̀ lé àmì kékeré kan ni. Mo dàgbà pẹ̀lú ẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi hyphens: auto sí i, ẹ jẹ́ kó wà ní manual, ká má bàa gé ọ̀rọ̀ wa níbi tí kò yẹ. Ẹ kọ lang="yo-NG" tàbí lang="yo-BJ" sí ara ojú ìwé. yo-BJ kì í ṣe ọ̀ṣọ́: CLDR, àkójọ tí bùráúsà fi ń kọ déètì, ní ìlànà Bẹ̀nẹ̀ nínú, Shɛ́rɛ́ ló sì ń kọ fún oṣù tí Nàìjíríà ń kọ ní Ṣẹ́rẹ́. Bí déètì bá ń yọ fúnra rẹ̀ lórí sáìtì yín, ɛ́ lè jáde láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, fọ́ǹtì yín sì gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi kì í ṣe ti fọ́ǹtì. Lórí sáìtì Kétu yẹn, lẹ́yìn tí mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ɛ kan péré ṣì rí bí àlejò nínú “ɛgbɛ́”. Mo wò ó títí kí n tó ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ wo nọ́ńbà rẹ̀: U+03B5. ε ti èdè Gíríìkì ni. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà kò rí ɛ lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó mú èyí tó jọ ọ́. Ẹni tó bá wá “ɛgbɛ́” lórí sáìtì náà kò ní rí i láéláé. Mo kọ ìlà kan tó ń yí ε padà sí ɛ kí ọ̀rọ̀ tó wọ ibi ìpamọ́, mo sì fi normalize("NFC") sí i, kí ẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta (e, àmì abẹ́, àmì ohùn) àti èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti é tó fi kún àmì abẹ́ lè di ohun kan náà.

Noto Sans tí mo gé ni mo fi sí sáìtì ẹgbẹ́ aláṣọ náà fún orúkọ ọjà, iye owó àti fọ́ọ̀mù. Ojú ìwé tó sọ bí ìyá wọn àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀já, Gentium Book Plus ni. Bọ́tìnì kan wà lókè, ẹni tó bá fẹ́ ɛ á tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà dé Kétu, mo gbé fóònù fún ìyá yẹn, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ń wo ojú wọn. Wọ́n ka Ọ̀JÁ, wọ́n ka iye owó tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní: “Owó yìí ti pẹ́, ọmọ mi. Òwú ti wọ́n. Bá mi fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e.”